Ọ̀sẹ̀ tí Mo Gbé Ọtí Pọtogí Kiri Houston

Ìyá kò dé Amẹ́ríkà rí. Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta pápákọ̀ òfurufú Houston, kóòtù onírun ló wà lọ́rùn wọn, nínú oṣù karùn-ún, ooru sì bò wá bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò ìrẹsì tó ń hó. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, wọ́n wo ojú mi títí, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, o ti sanra." Èdè Pọtogí ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi èdè yẹn bá mi wí. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn èrò tó ń wọ́ àpótí kọjá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Yorùbá ni mí. Abúlé kan lẹ́bàá Òkìtìpupa ni wọ́n bí mi sí. Missouri City ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń wa ọkọ̀ gba freeway, títì márosẹ̀ ńlá, lọ láàárọ̀, mo sì máa ń wà á bọ̀ nírọ̀lẹ́, bíi ti gbogbo ará àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Houston, mo ti gbé ilẹ̀ Pọtogí. Ẹ̀kọ́ ni mo bá lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Bí ìsinmi bá dé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ká èso àjàrà lórí àwọn òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Douro. Ibẹ̀ ni mo ti bá Ìyá àti ọkọ wọn pàdé. Àwọn ló ni ọgbà àjàrà kan níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sétí odò. Bàbá ló ń pọn ọtí, Ìyá ló ń darí àwa tí à ń ká èso. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Ìyá rí i pé ọwọ́ ni mo fi ń já èso dípò kí n fi sísọ́ọ̀sì gé e, wọ́n sì bú mi níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tí a ṣíwọ́, àwọn kan náà ló pè mí wá jẹun lórí tábìlì tiwọn. Láti ìgbà náà ni ilé wọn ti di ilé mi. Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, n kò mọ ilé mìíràn tí mo lè sá lọ bí ọkàn mi bá bàjẹ́. Nígbà tí ọkọ mi ríṣẹ́ sí Houston tí a sì ṣí wá síbí, Ìyá fọ àwo ìjẹun kan náà léraléra lójú mi, kí n má baà rí i pé wọ́n ń sunkún.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá kú. Orí fóònù ni mo ti gbọ́. Àwọn ọmọ wọn rò pé Ìyá máa ta ọgbà náà, wọ́n sì ti ń wá ẹni tó máa rà á. Ìyá kò tà á. Àwọn fúnra wọn ló wọ inú ilé ìpọntí lọ, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí.

Ohun tó gbé wọn wá sí Houston ni pé oníṣòwò kan níbí, tó máa ń kó ọtí wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, ti tọ́ ọtí wọn wò. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọtí Pọtogí, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà tó wà ní Houston ní ilé oúnjẹ àti sọ́ọ̀bù ńláńlá, àwọn kan nínú wọn sì ń kó ọjà ránṣẹ́ sílé. Bí wọ́n bá gba ọtí náà, ọgbà Ìyá kò ní parẹ́. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pè mí.

"Ṣé o ṣì ń gbọ́ èdè wa?"

"Mo ń gbọ́ ọ, Ìyá."

"Nígbà náà, wá ṣe ẹnu fún mi."

Mo lọ gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ọkọ mi ní, "Ìwọ tí o kì í mu ju gíláàsì kan lọ, ìwọ lo fẹ́ lọ polówó ọtí?" Mo ní kì í ṣe ọtí ni mo fẹ́ lọ polówó.

Ọjọ́ kejì tí Ìyá dé ni oníṣòwò náà pe àwọn oníbàárà jọ. Inú gbọ̀ngàn ilé oúnjẹ kan ni, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, ní àdúgbò tí gbogbo pátákó ìtajà ti jẹ́ èdè Ṣáínà, tí èèyàn lè gé irun, kó ra oògùn, kó ra ẹja tó ṣì ń wẹ̀ nínú omi, láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Mo máa ń kọjá níbẹ̀ bí mo bá ń lọ ra iṣu. N kò dúró níbẹ̀ rí.

Ìyá wọ aṣọ dúdú, nítorí pé dúdú ni wọ́n ń wọ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn to ìgò. Wọ́n ń fi aṣọ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó fẹ́ lọ sílé ìwé.

Àwọn tó wá jẹ́ àwọn tó ní ilé oúnjẹ, àwọn onísọ́ọ̀bù, àti ọkùnrin méjì tí wọ́n ń kó ọjà lọ sí Ṣáínà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ: Ìyá á sọ ọ́ ní èdè Pọtogí, èmi á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó ní ilé oúnjẹ á wá sọ ọ́ ní èdè Ṣáínà. Ìdáhùn náà á tún gba ọ̀nà yẹn padà. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á há mọ́ mi lẹ́nu, Yorùbá á sì fẹ́ já jáde láàárín méjèèjì.

Ìyá ń sọ̀rọ̀ nípa òkúta. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn kì í ṣe erùpẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ tó to lé ara wọn bí ewé ìwé ni, gbòǹgbò àjàrà ló sì ń wá ojú ihò wọ inú rẹ̀ lọ láti wá omi. Mo ń túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo ti wà lórí òkè náà, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, oje àjàrà ti lẹ̀ mọ́ ìka mi, oyin ń kùn létí mi, odò ń dán nísàlẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹja. Ó dùn mí débi pé mo gbàgbé gbólóhùn kan, Ìyá sì ní láti tún un sọ. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ ń wo fóònù wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà béèrè bóyá ọtí náà ní páálí. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní nígbà ọdún tuntun, àwọn èèyàn máa ń fi ọtí ṣe ẹ̀bùn. Ó yẹ kó dára lójú."

Ìyá ní, "Sọ fún un pé inú ìgò ni ọtí wà, kò sí nínú páálí." Mo mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà kan dìde láti ẹ̀yìn. Irun wọn ti funfun, wọ́n gé e mọ́lẹ̀, wọ́n sì wọ bàtà tí àwọn tó ń dúró nídìí iná máa ń wọ̀. Ìyá ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bá wa túmọ̀ ni wọ́n. Màmá ni mo ń pè wọ́n láti ọjọ́ náà, nítorí náà Màmá ni mo máa pè wọ́n níbí. Wọ́n mú ìgò kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n wo bébà ara rẹ̀. Bébà funfun ni, lẹ́tà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lórí rẹ̀, kò ní àwòrán kankan. Wọ́n sọ ohun kan fún ọmọ wọn. Ọmọ náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n tún un sọ.

"Màmá mi ní... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Wọ́n ní funfun àti dúdú báyìí, ti òkú ni lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tó máa gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ fi aṣọ ọ̀fọ̀ wọ ọtí?"

Oníṣòwò náà fẹ́ fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Èmi wo Ìyá, mo rò ó bóyá kí n fo apá tó kẹ́yìn. Ojú Ìyá wà lára mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá gbé aṣọ ìnugò sílẹ̀. "Sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún tí ọkọ mi kú ni mo ṣe é. Òun ló máa ń yan àwọ̀. Nígbà tí ẹni tó ń tẹ bébà bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́, n kò rí àwọ̀ kankan. Mo ní kó fi í sílẹ̀ ní funfun."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀. Màmá wo aṣọ dúdú tó wà lára Ìyá, wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà padà sórí tábìlì, jẹ́jẹ́. Wọ́n mu ohun tó wà nínú gíláàsì wọn tán. Wọn kò sọ pé ó dára, wọn kò sọ pé kò dára.

Ọmọ wọn bá wa dé ẹnu ọ̀nà. "Màmá mi ní kí ẹ wá jẹun lọ́sàn-án ọ̀la," ó ní. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹ má mú ọkùnrin yẹn dání."

A kò tíì jìnnà tí oníṣòwò náà fi pè wá lórí fóònù. Ó ní ọ̀rọ̀ náà rọrùn: kí Ìyá pa bébà náà dà, kí wọ́n fi pupa àti wúrà sí i, àwọn èèyàn á rà á. Mo sọ ọ́ fún Ìyá. Ìta ni wọ́n ń wò, níbi tí àwọn ilé apátímẹ́ǹtì àdúgbò Brays Oaks ti ń sá kọjá lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Ṣé kí n wá kun ọkọ mi ní pupa?" Ìyá ní. Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ títí a fi délé.

Ilé oúnjẹ Màmá kò tóbi. Ìgò omi ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tábìlì kéékèèké, àti òórùn ata ilẹ̀ tó ń jáde láti ẹ̀yìn. Màmá fúnra wọn ló se oúnjẹ. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹran wá, ẹran tí wọ́n fi ata gbígbẹ dín títí ó fi pọ́n. Ìyá jẹ díẹ̀, wọ́n mu ọtí pupa wọn lé e. Ojú wọn yí padà. Wọ́n wú ikọ́, wọ́n na ọwọ́ sí omi.

"Sọ fún wọn pé ọtí mi ń bá ata wọn jà, ata ló sì ń borí."

Màmá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín wọn. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n gbé ẹja wá, odindi, tí wọ́n fi ooru omi sè pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé. Ìyá ṣí ọtí funfun, èyí tí wọ́n kàn kó díẹ̀ wá ṣe àfikún, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ní gbọ̀ngàn àná. Màmá jẹ ẹja díẹ̀, wọ́n mu ọtí díẹ̀. Wọ́n tún jẹ, wọ́n tún mu. Ìyá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì kò wo ara wọn, ṣùgbọ́n orí àwọn méjèèjì ń mì.

Ìyá wá béèrè ohun tí wọ́n máa ń mu nílé Màmá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Màmá gbé igi ìjẹun wọn lélẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọmọ wọn sì ń túmọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

"Ọtí ìrẹsì ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, bàbá mi pọn ọtí sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n fi ẹrẹ̀ dí i lẹ́nu, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọbìnrin ní ìlú wa nìyẹn. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n máa hú u jáde."

"Ṣé ó dùn?" Ìyá béèrè.

"N kò mọ̀. Houston níbí ni mo ti ṣègbéyàwó, ọtí inú agolo ni a mu. Nígbà tí mo máa fi rí àyè padà lọ wo ilé, wọ́n ti wó o, wọ́n ti la títì ńlá gba ibẹ̀. Mo dúró sétí títì náà títí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kọjá lórí ọtí mi."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà túmọ̀ gbólóhùn yẹn dé ìdajì, ó dúró. Ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó ní, "Wọn ò sọ eléyìí fún mi rí."

Màmá nawọ́ sí mi. "Ìwọ tí ò ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ kiri, kí ni bàbá tìrẹ máa ń mu?"

N kò retí ìbéèrè náà. Mo ní, "Bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Wọ́n ń dá a ni." Mo sọ fún wọn nípa ẹmu. Mo sọ bí bàbá mi ṣe máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, bí mo ṣe máa ń dúró nísàlẹ̀ tí màá máa gbọ́ ìró ọ̀bẹ wọn lókè, láìrí wọn, àti bí kèrègbè ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó lẹ́nu. Bàbá mi máa ń fún mi ní ẹnu kan kí wọ́n tó gbé e lọ fún àwọn tó ń rà á. Ẹmu òwúrọ̀ dùn bí omi oyin. Bó bá fi di ọ̀sán, ó ti ń ta lẹ́nu. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà ló lè mu ún. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti kan.

"Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi í ránṣẹ́ sí mi," mo ní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, mo tún sọ ọ́ ní èdè Pọtogí fún Ìyá, mo sì rí i pé mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ní Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ níbẹ̀.

Màmá gbé ẹran inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, ibi tó rọ̀ jù, wọ́n fi sínú àwo mi.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, Ìyá ní àwọn fẹ́ tọ́ ẹmu wò. Mo yà ní sọ́ọ̀bù àwọn ará wa kan, mo ra èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò. A ṣí i ní kíṣìnnì mi. Ìyá fi í sẹ́nu, wọ́n dá a dúró níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì lọ tu ú dà nù. "Omi ṣúgà nìyí, ọmọ mi. Èyí ti kú kó tó wọ ìgò." Mo fẹ́ gbèjà rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, mo sì da ìyókù rẹ̀ nù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe bàbá mi lórí fóònù, èyí tí a ti ń rí ojú ara wa. Orúnkún ti dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀pẹ gígun, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni? Ta ni ẹ jọ jókòó yẹn?"

"Ìyá tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní ilẹ̀ Pọtogí ni, Bàbá. Àwọn tó ń pọn ọtí."

Bàbá mi nà ró lórí àga. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi o! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni!" Wọ́n ń juwọ́. Ìyá náà ń juwọ́. Bàbá ní, "Bi wọ́n léèrè, báwo ni igi tiwọn ṣe ga tó?"

Mo bi Ìyá. Ìyá dìde, wọ́n fi ọwọ́ sí ìbàdí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi pé àbúrò mi sá wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọtí! Gbogbo ayé mi ni mo fi gun òkè lọ bá a, àwọn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn!" Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ló ń dun àwọn, kì í ṣe orúnkún.

Bàbá wá béèrè pé, "Ọkọ wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, Bàbá."

"Yéè. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé wọ́n dàgbà?"

"Wọ́n dàgbà."

"Ṣé wọ́n bímọ?"

"Wọ́n bímọ, wọ́n rí ọmọ-ọmọ."

"Àwọn ọmọ náà ló sin wọ́n?"

"Àwọn ni."

Bàbá súnmọ́ fóònù títí ó fi jẹ́ pé iwájú orí wọn nìkan ni à ń rí. "Kí ló wá dé tí ìyá náà fi wọ dúdú bẹ́ẹ̀? Sọ fún wọn pé a kì í káàánú irú òkú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ijó la fi ń sin wọ́n. Bí ìyá mi ṣe kú tí wọ́n ti darúgbó, ṣé o rántí? Aṣọ pupa la wọ̀, pupa tó ń dán. Ìwọ náà wọ̀ ọ́."

Mo rántí. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ bébà ara ìgò fún bàbá mi. Mo túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ, mo rọra ń wá ọ̀rọ̀ tó máa gbé e dáadáa, nítorí pé ní èdè Pọtogí, ó ṣòro láti sọ pé èèyàn ń jó nítorí òkú kó má dà bí ẹ̀gàn. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi nínú ooru, lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé, òógùn ti mú kí irun wọn lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Wọ́n ní, "Pupa ni ọkọ mi fẹ́ràn. Ìgbà gbogbo ló máa ń ra aṣọ pupa fún mi. Mo máa ń sọ fún un pé mo ti dàgbà jù fún un." Wọ́n mu omi. "Àwọn aṣọ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo wọn."

A padà lọ sọ́dọ̀ Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá ní kí n sọ fún wọn pé bébà tuntun náà máa jẹ́ pupa, kì í sì í ṣe nítorí ọjà nìkan. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní àwọn máa gba ọtí funfun náà fún ilé oúnjẹ wọn, pẹ̀lú bébà pupa, àwọn á sì bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ní sọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ ìgò tẹ́lẹ̀, tí bébà rẹ̀ jẹ́ funfun," wọ́n ní, "ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú rẹ̀. Mi ò ní tà á. Èmi ni mo fẹ́ máa mu ún." Ìyá na ọwọ́ sí wọn kọjá tábìlì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ọmọ Màmá àti èmi kò sì ní ohunkóhun láti túmọ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì tó ń kó ọjà lọ sí Ṣáínà kò pè wá padà. Oníṣòwò náà ní kò burú, onísọ́ọ̀bù díẹ̀ ti gbà, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ní ìyẹn tó láti fi gba ọdún kan sí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ àwọn tó fẹ́ ta ọgbà.

Ní pápákọ̀ òfurufú, Ìyá ní, "Wá bá wa ká èso."

"Ìyá, iṣẹ́ ò ní jẹ́."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí iṣẹ́ máa jẹ́."

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó ṣòro fún mi láti padà sí bí mo ṣe wà. Mo máa ń bá ara mi sọ èdè Pọtogí nínú ọkọ̀, lórí freeway, mo máa ń ka orúkọ nǹkan: òkúta, ewé, àgbá, òjò. Lọ́jọ́ kan ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní kò sẹ́nì kan. Ó ní, "Èmi náà máa ń ṣe é. Orúkọ àwọn ìbúdókọ̀ ìlú wa ni èmi máa ń kà." A ti fẹ́ ara wa láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì mọ̀.

N kò lè lọ fún ìkórè. Wọn kò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Nínú oṣù kẹsàn-án, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti páàkì sí ibi iṣẹ́ ní Medical Center, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ni fóònù mi dún. Ìyá ni. Wọ́n ní àwọn kò ní àyè ọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń dúró. "Má pa á," wọ́n ní. "Mo fẹ́ gbé fóònù mi sínú apẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó, mo gbé fóònù sétí. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ewé. Lẹ́yìn náà, sísọ́ọ̀sì, kì í ṣe ẹyọ kan, púpọ̀, bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù. Èso ń já bọ́ lórí fóònù náà, ìró rẹ̀ ń rọ̀ sí i bí apẹ̀rẹ̀ ṣe ń kún. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ń pè fún omi. Ajá kan gbó lọ́nà jíjìn, ní apá ibi tí mo mọ̀ pé odò wà. Mo pa ojú dé.

Ó pẹ́ kí ohùn Ìyá tó dé, láti òkè, bí ẹni tó tẹrí ba sórí apẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Ìyá."

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi, ó nawọ́ sí aago ọwọ́ rẹ̀. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ, mo ń bọ̀.